ÌTÀN ÌWÁṢẸ̀, OGUN ÀTI ÀLÀÁFÍÀ NÍ ILẸ̀ ÈKÌTÌ

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí kò sí ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Èkìtì tí wọn kò bi rí nígbà èwe rẹ̀. Ìbéèrè náà ni, ‘Ọmọ ta ni ọ́?’ Yálà ní Ìfisìn ni o, tàbí ní Ìdó, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé, ìdáhùn rẹ̀ kì í parí sórí orúkọ baba tó bí ni lọ́mọ. A óò dárúkọ agboolé, a óò dárúkọ ìlú, lẹ́yìn náà a óò wá fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ti Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìlú Èkìtì gbà pé àwọn baba ńlá wọn ti gbéra. Ẹni tó béèrè yóò mi orí, yóò sì mọ bí òun yóò ti bá ọmọ náà lò: bóyá àna ni, bóyá ìbátan ni, bóyá àlejò ni.

Èyí fi hàn wá pé ìtàn ìwáṣẹ̀ kì í ṣe ìtàn ìdárayá lásán. Ohun tí a ń pè ní ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ìtàn tó ń sọ bí ayé, ìlú tàbí ìran kan ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀sìn sì rọ̀ mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé ó ní ìbọ, ó ní ọdún, ó sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún àwùjọ kan ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí ó bá sì ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, ó ti sọ ẹni tí kì í ṣe ara wọn náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ogun àti àlàáfíà ti wọ̀ ọ́.

Àwọn kan gbà pé ẹ̀sìn àti ìtàn ẹ̀sìn ló ń dá ogun sílẹ̀. Àwọn mìíràn sì gbà pé àlàáfíà nìkan ni ẹ̀sìn ń kọ́ni. Lójú tèmi, kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ pátápátá nínú méjèèjì. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn kan náà lè kó ènìyàn lọ sójú ogun, ó sì lè kó wọn padà wálé. Ibi tí ẹni tó ń sọ ìtàn bá dá a dúró sí ló ń ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Inú ìtàn ilẹ̀ Èkìtì ni a óò ti mú ẹ̀rí wa jù lọ.

Ògún ní Ìrè

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó súnmọ́ ilé. Ìrè-Èkìtì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, èyí tó bá ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì tí Ìfisìn wà nínú rẹ̀ pààlà. Ìlú yìí ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ Ògún, débi pé Ògún Onírè ni a ń pe òrìṣà náà níbi gbogbo.

Bí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà, ojú ogun ni Ògún ti ń bọ̀ tó fi yà sí Ìrè. Ebi ń pa á, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn níbi ìpàdé kan tí èèwọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn níbẹ̀. Ó kí wọn, wọn kò dá a lóhùn. Ó rí akèrègbè ẹmu tí wọ́n tò kalẹ̀. Ó gbé èkíní, ó gbé èkejì, òfìfo ni gbogbo wọn. Ògún rò pé wọ́n fi òun wọ́lẹ̀ ni. Ó fa idà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ wọn lórí. Nígbà tí ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀ tán ni ó tó mọ̀ pé èèwọ̀ ló di ẹnu wọn, àti pé àwọn ènìyàn òun fúnra òun ni òun pa. Àbámọ̀ mú un. Ó fi idà rẹ̀ gúnlẹ̀, ó sì wọ inú ilẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá dá ìtàn yìí dúró síbi tí Ògún ti fa idà yọ yóò rí ohun tó ń wá níbẹ̀. Yóò ní, ‘Ẹ ò rí i! Ẹni tó bá fojú di akọni, ikú ló yẹ ẹ́.’ Kò sí àní-àní pé àwọn jagunjagun kan ti lo ìtàn náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró níbẹ̀. Òpin rẹ̀ ni pé ẹni tó ni ogun gan-an ló kábàámọ̀ ogun. Kì í ṣe ọ̀tá ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ìmọ̀ pé òun ṣi ìdákẹ́ àwọn ènìyàn gbọ́ ni ó mú un wọlẹ̀. Àwọn ará Ìrè tí wọ́n ń ṣe ọdún Ògún kì í bọ ìbínú rẹ̀ nìkan. Wọ́n ń bọ ẹni tó bínú, tó pànìyàn, tó sì mọ̀ lẹ́yìn náà pé òun ṣìnà.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun kan sí i. Títí di òní, oníṣẹ̀ṣe tó bá fẹ́ jẹ́rìí ní kóòtù lè fi irin búra. Irin tó ti jẹ́ idà ní Ìrè ti di ẹlẹ́rìí òtítọ́ nínú ilé ẹjọ́, níbi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu parí ohun tí ìbá di ìjà. Wole Soyinka pàápàá fi ìtàn Ìrè yìí ṣe ìpìlẹ̀ ewì gígùn rẹ̀, Idanre, tí a tẹ̀ jáde ní 1967. Èyí fi hàn pé ìtàn ìlú kékeré kan ní àríwá Èkìtì ní ọ̀rọ̀ tó lè bá gbogbo ayé sọ.

Odùduwà: ìtàn kan, òpin méjì

Ìtàn kejì tóbi ju èyí lọ, nítorí pé gbogbo Yorùbá ló ni ín. Ìjà ló fi bẹ̀rẹ̀. Olódùmarè rán Ọbàtálá láti wá dá ilẹ̀ sórí omi. Ọbàtálá mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, ó sùn lọ. Odùduwà gbé àpò iyẹ̀pẹ̀ àti àkùkọ, ó sì ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí Ọbàtálá jí, ìjà dé. Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ni pé a pín iṣẹ́: Odùduwà ni ilẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, Ọbàtálá sì ni a fún ní iṣẹ́ àtidá ara ènìyàn. A kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Títí di òní ni àwọn òrìṣà méjèèjì ń gba ẹbọ ní Ilé-Ifẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Odùduwà, ibẹ̀ sì ni ẹnu kò ti kò. Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, èyí tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ṣètò, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ìtàn náà bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń sọ ọ́. Ó ní nígbà tí wọ́n ń pín ogún, owó bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan, aya sọ́wọ́ ẹnìkan, ẹran ọ̀sìn sọ́wọ́ ẹnìkan, ìlẹ̀kẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ilẹ̀ nìkan ló kù fún Ọ̀rànmíyàn tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó lè gbé ojú ọ̀run, gbogbo àwọn yòókù di ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ Ọ̀rànmíyàn. Òun ni baba ńlá Aláàfin. Bí a bá dá ìtàn dúró síbẹ̀, Ọ̀yọ́ ni onílẹ̀, àwọn ìyókù sì di ẹni tó jẹ onílẹ̀ ní gbèsè.

Ní ilẹ̀ Èkìtì, ibòmíràn ni wọ́n ń fi ìparí ìtàn náà sí. Níbẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé adé ni ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà kúrò ní Ifẹ̀. Ẹni tó gba adé lọ́wọ́ baba kì í ṣe ẹrú ọmọ baba rẹ̀. Àbíkẹ́yìn kò sì lè fi ara rẹ̀ ṣe olúwa lórí àwọn tó bá nílé. Ìtàn kan náà ni, baba kan náà ni, ṣùgbọ́n òpin méjì tó ní bí ìwà méjì.

Ogun Kírìjì

Ìgbà tí òpin méjèèjì yìí pàdé lójú ogun ni ogun Kírìjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé kì í ṣe ìtàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Ìbàdàn dìde bí àgọ́ ológun, àwọn ni wọ́n sì dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Wọ́n fi èyí pe ara wọn ní aláàbò gbogbo Yorùbá. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ aláàbò di ẹni tí a ń sá fún. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ogun sì bẹ́ sílẹ̀.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní Èkìtì ti bá Ìbàdàn jà rí kí ó tó di àkókò yìí, Ìbàdàn sì ti ṣẹ́gun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ òkè àti ìlú aládé tó pọ̀, olúkúlùkù ọba ló dá dúró láyè tirẹ̀, wọ́n sì ti máa ń bá ara wọn jà. Kí ni ohun tó lè so wọ́n pọ̀? Wọn kò ní ọba kan tó ń jẹ lórí gbogbo wọn. Ìtàn Ifẹ̀ ni wọ́n ní. Ìtàn pé ọmọ baba kan ni Ọwá, Ọ̀ràngún, Ajerò, Ọọ̀rẹ̀ àti àwọn yòókù ni wọ́n fi di Èkìtìparapọ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ohun gbogbo. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti oko ẹrú dé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di Kristẹni, gba orúkọ yìí fún ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti rí àwọn ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn. Ìró àwọn ohun ìjà ogun yìí ni wọ́n sọ pé ó bí orúkọ náà, Kírìjì.

Níhìn-ín, a rí i pé ìtàn lè ṣe ohun rere lójú ogun. Ó sọ àwọn tó ti túká di ọ̀kan, wọ́n sì rí ọ̀nà láti kọ ìyà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ ọ́ di ìtàn aládùn. Ọdún púpọ̀ ni Ìbàdàn tó wà ní Igbájọ àti Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé fi kọjú ìjà sí ara wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ńgbé ti Iléṣà ló di olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Látóòṣà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló kó Ìbàdàn jáde, kò sì padà sílé láàyè. Ojú ogun ló kú sí ní 1885. Ọmọ Odùduwà ló ń pa ọmọ Odùduwà, ìhà méjèèjì ló sì ń bọ Ògún kí wọ́n tó jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìrè nínú ìtàn tún ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé.

Ṣé ogun ẹ̀sìn ni?

Ìbéèrè yìí máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú nínú ìdánwò. Àwọn kan a máa kọ ọ́ pé Mùsùlùmí ló ń bá abọ̀rìṣà jà. Bí a bá wo bí wọ́n ti pín sí ìhà, a óò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mùsùlùmí ni Látóòṣà tó jẹ́ olórí ogun Ìbàdàn. Ìlọrin, tí ìmáàmù àti ẹ́míà ń darí, tó sì ti fi orúkọ jíháàdì gbógun wọ ilẹ̀ Yorùbá nígbà kan rí, ìhà Èkìtìparapọ̀ ló wà. Ní 1 Oṣù Kọkànlá, 1878, nínú ogun Jálumi ní Ìkìrun, Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló jọ kọlu Ìbàdàn, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n sì ṣẹ́gun wọn. Ní Èkó, Kristẹni ló ń bá abọ̀rìṣà ilé wá ìbọn.

Nítorí náà, kì í ṣe bí ènìyàn ti ń gbàdúrà ló sọ ìhà tó wà. Ìtàn tó gbà gbọ́ nípa ẹni tó jẹ́, àti ìyà tó ti jẹ ẹ́, ni wọ́n sọ ọ́. Kí olùdánwò fi èyí sọ́kàn: ẹ̀sìn àti ìtàn ẹ̀sìn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹlẹ́sìn méjì lè pa ìtàn kan pọ̀, ẹlẹ́sìn kan náà sì lè pín sí ìtàn méjì.

Àdéhùn 1886

Àwọn tó parí ogun náà kò mú ìtàn tuntun wá. Ìtàn àtijọ́ ni wọ́n sọ dé òpin. Samuel Johnson tí a ti dárúkọ níṣàájú àti Charles Phillips, àlùfáà tó wà ní Oǹdó, ni ìjọba Èkó rán lọ bá àwọn ológun ní àgọ́ wọn. Ọmọ ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ àṣà, wọ́n sì mọ ìtàn. Ní 23 Oṣù Kẹsàn-án, 1886, ìhà méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ní ojú ogun.

Àdéhùn náà sọ pé àlàáfíà àti ìrẹ́pọ̀ yóò wà láàárín wọn, àti pé Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ yóò dá dúró, olúkúlùkù láyè tirẹ̀. Ìlú mẹ́rin, èyíinì ni Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Igbájọ, yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lè kó ẹrù rẹ̀. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáradára, ìpín ogún ni. Ohun tí Olódùmarè ṣe fún Ọbàtálá àti Odùduwà ni wọ́n ṣe: wọn kò sọ ẹnikẹ́ni di aláìnílé, wọ́n fún olúkúlùkù ní ipò. Ogun pẹ́ díẹ̀ sí i ní ìhà Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ní 1893 ni àwọn àgọ́ tó kù tú pátápátá lábẹ́ ọwọ́ Gómìnà Carter, tó fi jẹ́ pé àlàáfíà Kírìjì àti ìjọba òyìnbó jọ wọlé ni.

Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn tí a ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Èkìtì. Ọ̀kan nínú wọn ni Babamúbọ̀ni, ọmọ Adó tó mú ẹ̀sìn Kristi wá sí ìlú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní ìdí láti mú ìbínú wálé. Ìwé ló mú wá. Bí ẹ̀sìn tuntun ti ń tàn kálẹ̀, àti Kristẹni àti Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ agboolé Èkìtì kò tú ìtàn Ifẹ̀ ká nítorí rẹ̀. Nínú agboolé kan náà ni a ti ń rí oníṣọ́ọ̀ṣì, onímọ́sálásí àti ẹni tó ń tọ́jú ojúbọ baba rẹ̀, nítorí pé ìdáhùn sí ‘Ọmọ ta ni ọ́?’ kò tíì yí padà.

Ibi tí agbára ìtàn mọ

Bí a bá parí ọ̀rọ̀ síbí, a ó jọ ẹni tó ń tan ara rẹ̀. Ìtàn nìkan kò tó. Àdéhùn 1886 yẹn náà ní ẹsẹ kan nípa Modákẹ́kẹ́, pé kí àwọn ará ibẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọ̀ràn náà kò parí síbẹ̀. Ní 1981 ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Láti 1997 títí di 2000, ó tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́nà tó burú jáì. Ọmọ Odùduwà ni ìhà méjèèjì, orí ilẹ̀ Odùduwà gan-an sì ni wọ́n ti ń jà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ àti ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí ebi ilẹ̀ bá ń pa ènìyàn, ìtàn ọmọ baba kan kì í pẹ́ di ìtàn onílẹ̀ àti àlejò.

Ohun tó burú ju èyí lọ ni tí Rwanda. Níbẹ̀, àwọn òyìnbó mú ìtàn Hámù inú Bíbélì, wọ́n fi hun ìtàn pé ìran kan nínú àwọn ará ìlú, àwọn Tutsi, jẹ́ àlejò tó ti òkèèrè wá. Àwọn tó ń wá ìjọba gba ìtàn yìí mú, wọ́n dá a dúró sórí ọ̀rọ̀ àlejò, wọ́n sì ń pariwo rẹ̀. Ní 1994, wọ́n pa àwọn Tutsi ní ọ̀kẹ́ àìmọye láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹ fi wé tiwa. Johnson kọ ọ́ pé Odùduwà wá láti ìhà ìlà-oòrùn, láti Mẹ́kà. Àlejò ni baba wa nínú ìtàn yẹn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìtàn náà sọ gbogbo wa di ọmọ rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó lè fi í lé ọmọ Yorùbá kan kúrò nílé.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́. Èkíní, ìtàn ìwáṣẹ̀ kì í dá ogun sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyà, ilẹ̀ àti ipò ló ń dá a sílẹ̀, ìtàn sì ni àwùjọ fi ń mọ ẹni tí yóò bá wọn jà àti ẹni tí wọn yóò bá jà. Èkejì, ìtàn tó kó ènìyàn jọ sójú ogun ni a sábà fi ń parí rẹ̀, bí a bá sọ ọ́ dé òpin. Ẹ̀kẹta, kò sí ìtàn tó lè dípò ìdájọ́ òdodo.

Iṣẹ́ ńlá ló wà lọ́rùn àwa olùkọ́. Nínú kíláàsì kan náà lónìí, ọmọ tí baba ńlá rẹ̀ jà ní Igbájọ lè jókòó ti ọmọ tí baba ńlá rẹ̀ jà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Bí a bá sọ ìtàn Ògún fún wọn, tí aago sì lù nígbà tí idà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú àkọ̀, ẹ jẹ́ kí a ní sùúrù díẹ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ sílé títí tí a ó fi dé ibi tí Ògún ti fi idà gúnlẹ̀.